Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àròkọ Yorùbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Òkun

Bí ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama bá ti ku oṣù díẹ̀, tábìlì mi a kún fún àròkọ tí àwọn ọmọ Kàbà, Ìjùmú àti Ìyàgbà, ní ilẹ̀ Òkun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, kọ láti fi gbára dì. Kí n tó ṣí ìwé kẹta, mo ti mọ gbólóhùn tí ó ń dúró dè mí níbẹ̀: "Inú mi dùn láti kọ àròkọ lórí àkòrí pàtàkì yìí, nítorí pé ó kan gbogbo ènìyàn láwùjọ." Bí àkòrí bá jẹ́ ọjà ìlú mi, gbólóhùn yìí ni, bí ó bá jẹ́ ewu tí ó wà nínú oògùn olóró, òun náà ni. Olùkọ́ kan ni ó kọ́ wọn, olùkọ́ mìíràn ni ó kọ́ olùkọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ kí inú ọmọ tí ó ń kọ̀wé nípa oògùn olóró máa dùn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi bírò fa ìlà sórí gbólóhùn náà, n ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka èyí tí ó tẹ̀ lé e sókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ gan-an ni àròkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ gbólóhùn kejì tirẹ̀ báyìí: "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni àwọn ará oko ti máa ń gbé iṣu wọlé, wọn a sì sùn tì í." Kí ni ó tún ń fi inú dídùn ṣe ṣáájú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀?

Àṣìṣe tí ó wà nídìí èyí, tí mo sì kà sí èyí tí ó burú jù, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ohun tí kò mọ̀ nígbà tí ohun tí ó mọ̀ wà nílẹ̀. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo wà ní girama, wọ́n ní kí a ṣàpèjúwe ibi kan tí a fẹ́ràn, mo sì kọ ojú ìwé méjì gbáko nípa etíkun Èkó, èmi ọmọ Òkun tí kò tíì fojú kan òkun rí. Mo kọ ọ́ pé omi náà lọ salalu, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù nini, pé àwọn ènìyàn ń ṣe fàájì. Olùkọ́ wa kò fa ìlà sí ibì kankan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Báwo ni omi náà ṣe rí lẹ́nu?" Mo yẹ ojú ìwé méjèèjì wò láti òkè dé ilẹ̀, kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oko kajú bàbá mi kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo mọ bí abẹ́ igi náà ti ń rùn ní oṣù kẹta, nígbà tí èso bá já bọ́ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Mo mọ̀ pé oje rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ funfun, pé kóró ni oníṣòwò ń rà, àti pé ẹni tí ó bá fi eyín la kóró tútù yóò fi ètè bíbó ròyìn. Gbogbo èyí ni mo fi sílẹ̀ tí mo lọ ń wá etíkun. Irú rẹ̀ náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó kọ̀wé nípa ìsìnkú àgbà, tí yóò máa ṣàpèjúwe ohun tí ó rí nínú fíìmù, nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ní Bùnú lè jókòó tì í kí ó sọ̀rọ̀ aṣọ ìpò fún un, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun fún ìsìnkú àwọn ẹni ńlá.

Ẹni tí ó bá sì ń da ìwé kọ yóò bá ara rẹ̀ níbi tí kò rò. Mo ti rí àròkọ "Ìlú mi" tí ó sọ pé Ìsánlú wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, tí ilẹ̀ Òkun sì kúrò lára Kwara. Ọmọ tí ó kọ ọ́ kò tíì sí láyé nígbà náà. Ìwé tí ó wò kọ ni ó ti dàgbà jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ni ó gba sùúrù jù. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a ń sọ nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè. Ọ̀nà méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbà ṣìnà níhìn-ín, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ nípa èkejì. Àkọ́kọ́ ni kí ọmọ máa kọ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlú mìíràn yóò sì rò pé kò mọ ọ̀rọ̀ kọ ni. Èkejì ni kí ojú ẹ̀ka-èdè rẹ̀ máa tì í débi pé ìyá àgbà inú ìtàn rẹ̀, tí kò kúrò ní Mọ̀pà rí, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìbàdàn. Ohun tí mo gbà ni pé ẹni tí ń sọ ìtàn ni ó gbọ́dọ̀ lo Yorùbá àjùmọ̀lò. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn lè sọ tiwọn, bí ó bá ṣáà ti lè yé òǹkàwé. Ẹ wo kíkí tí a fi ń pe orúkọ wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ìyá àgbà ní "Òkun o", tí kò fi nǹkan kan tì í, ẹni tí kò mọ̀ wá lè máa wá omi káàkiri ojú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé, "Ìyá àgbà sọ igi ìdáná kalẹ̀, ó kí wa ní kíkí ilẹ̀ wa, 'Òkun o,' àwa náà sì dá a lóhùn," ọ̀rọ̀ ti yé, kò nílò àlàyé ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Ọ̀fìn kan tún wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ní àwọn ilé kan lọ́dọ̀ wa, ọmọ lè fi "o" bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bínú, nítorí pé ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀ka-èdè náà ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nígbà tí ọmọ bá wá gbé e wọ inú lẹ́tà, tí ó kọ ọ́ pé "Bàbá mi ọ̀wọ́n, mo fẹ́ kí o fi owó ránṣẹ́ sí mi," kò mọ̀ pé ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò kà á sí àrífín. "Ẹ" àti "yín" ni Yorùbá àjùmọ̀lò ń fún àgbà, láti ìkíni títí dé "Èmi ni ọmọ yín." Pé àdírẹ́sì kan ni lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ń gbà, tí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ń gba méjì pẹ̀lú àkọlé, ìfọwọ́sí àti orúkọ ní kíkún, gbogbo ìwé ni ó ti sọ èyí, n kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró lórí rẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé ni mo ti sábà máa ń bá àkọtọ́ àtijọ́. Odindi Bíbélì Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ ti jáde láti ọdún 1884, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni ó sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì àti ìwé orin tí à ń gbé lọ sí ìsìn. Ọmọ tí ó bá ti ń kà á láti kékeré a máa kọ "aiye", "enia", "nwọn" àti "yio" láìmikàn, a kò sì lè sọ pé kò kàwé. Àkàjù ni tirẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ìdánwò ń tẹ̀ lé, èyí tí ó sọ wọ́n di "ayé", "ènìyàn", "wọ́n" àti "yóò", tí ó sì ya "nígbà tí", "gẹ́gẹ́ bí" àti "jẹ́ kí" sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti "wípé" tí gbogbo ènìyàn ń kọ lórí WhatsApp, "pé" nìkan ti tó.

Nítorí pé olùkọ́ ti sọ pé òwe ń mú àròkọ dùn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fọ́n ọn ká bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Mo ka àròkọ kan nípa ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ka iye àwọn tí wọ́n fara pa tán, tí ó sì fi kún un pé: "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó." Òwe náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó yó níbi ìjàm̀bá? Òwe kan tí ó bá ọ̀rọ̀ mu sàn ju márùn-ún tí a há sórí lọ, àròkọ tí kò sì ní òwe rárá kò ní àbùkù kankan lójú mi.

Nínú àròkọ aláríyànjiyàn, ẹ má ṣe dúró sí àárín. Ọmọ tí ó bá kí alága àti àwọn onídàájọ́ tán, tí ó wá sọ pé ìgbésí ayé abúlé dára, ti ìlú ńlá náà sì dára, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ní ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ ń kọ̀wé títí agogo yóò fi lù, wọn kì í fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ohun tí wọ́n kọ. Àkókò yẹn ni àmì ohùn máa ń fi ara hàn, bí a bá ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ sí etí ara wa, tí a kò kàn fi ojú fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó kọ̀wé nípa Kàbà ti sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé Ọbárò ni ọba ìlù wa. Mo ní kí ó kà á fún mi bí ó ti kọ ọ́ gan-an. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó dé ibi ìlù, ó dúró, ó fi ìka lu tábìlì bí ẹni ń lu gángan, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú bírò láti yí àmì náà padà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.