Ibo ni omi wà? Bí mo ṣe yẹ ògiri adágún eérú wò

Ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà fún mi: kí n yẹ àwòrán ògiri kan tó sé adágún eérú èédú mọ́ wò, ìyẹn ibi tí ilé iṣẹ́ mànàmáná ń da eérú èédú tó ti sun àti omi sí, bóyá yóò dúró bí ilẹ̀ bá mì. Ọ̀rẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní àwa tí à ń gbé orí àpáta, kí ló kàn wá nínú ilẹ̀ mímì? Mo ní kó rántí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Àti pé etí omi ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń sun èédú sí, níbi tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ rírọ̀ pọ̀ sí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ògiri náà ń ga ní mítà 1 fún gbogbo mítà 2.5 tó fẹ̀. Igun dígírì 32 ni wọ́n fún mi fún bí hóró eérú tí wọ́n fi mọ ọ́n ṣe ń di ara wọn mú. Iye ààbò ni mo ń wá: agbára tó ń di ògiri mú, tí a bá fi èyí tó ń fà á wálẹ̀ pín in; bí kò bá tó 1, ògiri á wó. Mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ní gbígbẹ: 1.56. Mo wá fi ìmìtìtì kún un, agbára tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo eérú náà tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: 1.20. Òfin Amẹ́ríkà ti 2015 lórí eérú èédú ń fẹ́ 1.50 nígbà tí ilẹ̀ bá dákẹ́, 1.00 nígbà tó bá ń mì. Ó yege. Ẹlòmíì ì bá pa kọ̀ǹpútà dé níbẹ̀.

Mo wá jẹ́ kí omi kún dé ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. 0.54! Ilẹ̀ ò tíì mì rárá o, ògiri ti wó.

Eérú fúyẹ́ ni. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ tó ti mu omi yó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀; omi á sì gbé tọ́ọ̀nù kan nínú rẹ̀. Ààbọ̀ tọ́ọ̀nù péré ló kù tí hóró fi ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì ṣì máa ní odindi kan.

Bí ìmìtìtì bá wá dé, hóró á fẹ́ sún mọ́ra, omi ò sì ní tètè ríbi gbà jáde. Omi ló máa wá ru ẹrù, eérú á máa ṣàn bí ògì. Igun 32 ò wúlò mọ́ nígbà náà. Ògiri tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ, 1.20 ni òfin yẹn ń béèrè.

Ní adágún eérú ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní Kingston, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 22 Oṣù Kejìlá 2008, ilẹ̀ kankan ò mì tí eérú tó ju mílíọ̀nù 4 kúbíìkì mítà lọ fi ya jáde.

Nítorí náà, omi ni mo kọ síwájú nínú ìjábọ̀ mi: kí wọ́n la ojú ìṣàn sí ẹsẹ̀ ògiri, kí wọ́n ri páìpù tí wọ́n á máa fi wọn ibi tí omi ga dé, kí wọ́n sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ wò kí wọ́n tó fọkàn tán 1.20 tèmi. Ọ̀gá kà á, ó ní ó dáa, ó wá bi mí pé bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, ta ni yóò máa wo páìpù?