Kókó tí kò dunni lábẹ́ awọ: bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù

"Kò kúkú dùn mí." Gbólóhùn yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé, ó sì ń dùn wá. Ìrora kọ́ la fi ń mọ kókó tó léwu. Oówo tó ń ta èèyàn lóru lè san láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni rárá.

Ìgbà tí ọṣẹ bá wà lára ló dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi orí ìka méjì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò, tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ọ̀rá ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ní ojú dúdú kékeré láàárín, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, àpò ìdọ̀tí awọ ni. Èyí tó le bí èkùrọ́, tó dúró gbọin, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí odò tó ń ṣàn kíkan, níbi tí amùkúrù ti ń jẹni, kókó líle lórí egungun ìbàdí tàbí ìhà lè jẹ́ ilé aràn inárun. Aràn náà lè lo ọdún 10 sí 15 níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń mú ara yún, tó sì ń fọ́ni lójú. Mectizan, ìyẹn oògùn inárun, ń pa ọmọ aràn, kì í pa ìyá, ìdí nìyẹn tí lílò ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó.

Ẹ fi rúlà wọn kókó náà, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́: títẹ̀ yẹn lè mú kó wú, ẹ ó wá rò pé ó ń dàgbà.

Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 2 kankan bó bá wà nínú ọmú (ì báà jẹ́ ọmú ọkùnrin), ní kórópọ̀n, tàbí nínú kòtò tó wà láàárín ọrùn àti èjìká. Bákan náà ni bó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bí ẹyin adìyẹ, bó bá ń tóbi, tàbí bó bá padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Kókó ọrùn tàbí abíyá tó kọjá ọ̀sẹ̀ 3, tí ẹ sì ń rù, tí òógùn ń rin aṣọ yín lóru, ó lè jẹ́ ikọ́ àwúgbẹ tàbí jẹjẹrẹ.

Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fún un. Àpò ìdọ̀tí tí wọ́n bá fún lè bẹ́ sínú, kó sì kẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, bí ẹ ti ń tọ́jú ojú gbẹ́rẹ́ ló ń ráyè tàn kálẹ̀.

Bí dókítà bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí láàbù?" Kókó tí wọ́n gé tí wọ́n sọ nù, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó jẹ́ mọ́. Ẹ gba èsì náà lórí ìwé, kẹ́ ẹ sì fi pamọ́.