Bí a ṣe ń rí sóyà tí kì í ṣe GMO rà l'Ékòó: ti jíjẹ àti ti gbígbìn

Ohun méjì ni àwọn oníbàárà máa ń dà pọ̀. Kí sóyà má jẹ́ GMO túmọ̀ sí pé wọn ò yí àbùdá irúgbìn rẹ̀ padà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó jẹ́ ọ̀gáníìkì ju ìyẹn lọ: wọn ò gbọdọ̀ fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà gbìn ín, wọn ò sì gbọdọ̀ fín oògùn oníkẹ́míkà sí i, látinú oko títí dé ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Èyí àkọ́kọ́ kò le l'Ékòó. Èkejì ló ń gba wàhálà, òun sì ni kí ẹ fi gbogbo ìbéèrè yín lé lórí.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1996 ni sóyà GMO ti wọ oko, ó sì ti ju 90% lọ nínú èyí tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ báyìí. Brazil àti Argentina náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, òwú ni ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2018, ẹ̀wà tẹ̀lé e ní 2019, àgbàdo wọlé ní 2024. Sóyà kò sí nínú àwọn wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí sóyà oníkóńgò tó ti Benue tàbí Kaduna wá sí Mile 12 fi ṣeé fọkàn tán ju páálí aláràbarà láti òkè òkun lọ lórí ọ̀rọ̀ GMO. (Ẹni tó ń sá fún sóyà tó sì ń se ẹ̀wà lójoojúmọ́ láìbéèrè nǹkan kan ti ṣi ibi tó yẹ kó fojú sí.)

Ní ọjà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà lápò ni kí ẹ lọ, ní Mile 12 tàbí Dálẹ́kò. Oníkóńgò ẹ̀bá títì máa ń da ìsàlẹ̀ àpò mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀, òun gan-an ò lè sọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn, ẹ bi wọ́n pé: "Màámi, ìlú wo lọjà yìí ti wá? Ṣé ti ọdún yìí ni? Kí lẹ fi sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́?" Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Kòkòrò kì í sábà ba sóyà jẹ́ bíi ti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń kó méjèèjì sí, oògùn ẹ̀wà á sì kan sóyà. Ẹ ki ọwọ́ bọ ààrin àpò, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí òtápìápìá, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ eérú, oògùn oníhóró ni wọ́n jù sínú rẹ̀, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré oògùn òtápìápìá náà mọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n imú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àwọn ìdánwò kan wà tí ń lọ láti ẹnu dé ẹnu tí kò wúlò. Wọ́n ní bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, kì í ṣe GMO. Irọ́ ni: èyí tó pọ̀ jù nínú sóyà GMO, oògùn apakoríko ni wọ́n ṣe é kó lè fara dà, kò kan kòkòrò. Wọ́n tún ní GMO kì í hù. Ó ń hù dáadáa. Títóbi hóró tàbí dídán rẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan.

Ìdánwò tó ṣeé gbára lé ni pépà pẹlẹbẹ tí ń wá èròjà purotéènì tí wọ́n fi sínú sóyà GMO. Kò yẹ kí ẹni tó ń ra kóńgò méjì náwó lé e, ẹni tó ń ra tọ́ọ̀nù ló yẹ kó rà á. Ẹ bu sóyà láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, kó pé hóró 300. Hóró 20 kò tó: bí GMO bá jẹ́ ẹyọ kan péré nínú 100, nǹkan bí 300 lẹ máa lọ̀ kí ẹ tó lè fi ìdánilójú 95% sọ pé ẹ ò ní gbójú fò ó. Ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, ẹ fi omi tó mọ́ sí i ní ìwọ̀n tí ìwé inú páálí sọ, ẹ mì í, kí ẹ wá ki pépà náà bọ̀ ọ́. Ìlà méjì, GMO wà níbẹ̀. Ìlà kan lókè, pépà náà kò rí i. Bí kò bá sí ìlà rárá, pépà ti bàjẹ́, ẹ mú òmíràn. Ẹ fọ ẹ̀rọ ìlọta láàrin àpò kan sí èkejì, ìyẹ̀fun díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ á purọ́ fún yín. Pépà kan, irú GMO kan ló ń wá. Kò sì wúlò fún sóyà yíyan tàbí òróró, nítorí iná ti ba purotéènì ọ̀hún jẹ́.

Ní ti ọjà inú páálí, nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sọ ohunkóhun nípa GMO. "Natural" kò ní ìtumọ̀ kankan. Àmì labalábá Non-GMO Project ń sọ̀rọ̀ nípa GMO nìkan, oko náà lè ti mu oògùn yó. USDA Organic àti ewé oníràwọ̀ ti Yúróòpù kọ GMO, wọ́n sì kọ kẹ́míkà. Lábẹ́ ewé yẹn, ẹ wá kóòdù tó ní orúkọ orílẹ̀-èdè kúkúrú, BIO tàbí ÖKO tàbí ORG, pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí kóòdù kò bá sí, ẹ má sanwó ọ̀gáníìkì. Ẹ ka èròjà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀: lecithin (E322), "textured vegetable protein", àti "vegetable oil" tí wọn ò dárúkọ ohun tí wọ́n fún un lára rẹ̀, àwọn ni sóyà òkè òkun máa ń gbà wọlé.

Bákan náà ni wàrà sóyà, ìyẹn beske, ní Agége tàbí Mushin. Ẹ bi ìyá oníbeske ní ohun tó fi mú un dì, omi ògì kíkan tàbí álọ́mù, àti irú òróró tó fi dín in. Sóyà inú rẹ̀ lè mọ́, kí òróró wá jẹ́ ti sóyà GMO. Òróró ẹ̀pà ló dáa jù.

Fún gbígbìn, ẹ má ra ti ọjà jíjẹ. Oríṣiríṣi ló dà pọ̀ níbẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin Èkó sì máa ń tètè pa sóyà. Ẹ béèrè èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGX, bíi TGX 1448-2E tàbí TGX 1835-10E. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ló ṣe wọ́n, mímú akọ àti abo irúgbìn pọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe ìyípadà àbùdá. Àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì NASC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó irúgbìn. Bí hóró bá pupa bíi pé wọ́n kùn ún, oògùn ni: ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì pè é ní ọ̀gáníìkì.

Kí ẹ tó gbìn, ẹ ka hóró 100 sínú aṣọ tútù, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bí 80 bá hù, ó dáa. Bó bá wà láàrin 60 sí 80, ẹ fi hóró kún un nígbà tí ẹ bá ń gbìn. Bí kò bá pé 60, ẹ dá a padà. Ẹ gbìn ín ní òṣù kẹfà sí ìkeje, kí kíkórè lè bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ tí òjò ti lù le kò ní jẹ́ kó yọ. Hóró sí hóró, sẹ̀ǹtímítà 5. Pooro sí pooro, 50 sí 75.

Ẹ má fi yúríà sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ hú igi kan, kí ẹ la kókó kéékèèké ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, sóyà ń fúnra rẹ̀ wá nitrogen, oúnjẹ tí yúríà ń fún irúgbìn, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá funfun tàbí tó bá ní àwọ̀ ewé, kòkòrò àìfojúrí tí ń bá a ṣiṣẹ́ kò tó nínú ilẹ̀ yẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi NoduMax, lẹ́búlẹ́bú tó ní kòkòrò àìfojúrí náà nínú, pa irúgbìn lára lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ kan náà.