Bí mo ṣe ń fi wáàtì 5 bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láti orí òkè Pendle

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Bolton. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí n kì í lọ síbi iṣẹ́, orí òkè lẹ ó ti bá mi, pẹ̀lú rédíò kékeré tí a fi ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ nínú báàgì ẹ̀yìn àti wáyà tí mo ká bí okùn aṣọ. Àwọn tó ń kọjá a máa bi mí bóyá ẹja ni mo wá pa, nítorí ọ̀pá ìwọ̀ gígùn ni mo fi ń gbé wáyà náà dúró.

Summits on the Air lorúkọ eré yìí, SOTA ni gbogbo wa ń pè é. Britain ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002. Òkè tó bá yọ tó mítà 150 ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Pendle tí mo fẹ́ràn, tó ga ní mítà 557, G/SP-005 ni. Ẹ gòkè, ẹ bá èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, máàkì òkè náà di tiyín. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é láti inú mọ́tò, ẹ̀yin lẹ ó fúnra yín gbé ẹrù yín. Bátìrì lẹ ó lò. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ èèwọ̀. Èmi tí mo dàgbà sínú ariwo jẹnẹrétọ̀ n'Íbàdàn, òfin yẹn nìkan tó mú mi wọ ẹgbẹ́.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Ní Britain, ìdánwò Foundation ni ìpele àkọ́kọ́: ìbéèrè 26, ẹ lè jókòó sílé ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá yege, Ofcom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò, á fún yín ní orúkọ ìpè, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọn ó fi mọ̀ yín lórí rédíò, ẹ ó sì lè lo agbára tó wáàtì 25. Èmi kì í lò ju 5 lọ, bátìrì kékeré sì ń gbé e fún wákàtí mẹ́ta.

Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé gíga nìkan kọ́ la ń gun òkè fún. Nínú fúláàtì mi, ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ti di rédíò létí. Ẹni tó bá pè mí láti òkèèrè dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jà Bódìjà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tan rédíò lórí Pendle, ó dákẹ́ débi pé mo rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn la wá gbà.

Ó ku wáyà, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ mú 143, ẹ fi MHz tí ẹ fẹ́ lò, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ ó yí rédíò sí, pín in. Ohun tó bá jáde ni gígùn wáyà yín ní mítà. Fún 14.285, mítà 10 ni. Ẹ gé e sí méjì, mítà 5-5, kí ẹ so ó mọ́ coax láàárín, ìyẹn wáyà roboto tó jọ ti éríà tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi ọ̀pá mítà 7 gbé àárín sókè, kí apá méjèèjì dà wálẹ̀ bí òrùlé ilé, kí ẹ fi okùn so etí wọn mọ́ èèkàn. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gé e, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i. Èyí tó gùn ṣeé gé. Èyí tó kúrú, ẹ ó kàn máa wò ó ni. Ẹ fi mítà SWR, ẹ̀rọ tó ń sọ bí wáyà ṣe bá rédíò mu tó, yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sábẹ́ 2. Inú pápá nítòsí ilé ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe lókè, níbi tí ìka yín ti kú fún òtútù.

Okùn mẹ́ta ni kí ẹ fi dè ọ̀pá náà. Atẹ́gùn Pendle kò mọ ojú. Ẹ má sì so etí wáyà síbi tí ajá tàbí ọmọ lè fọwọ́ kàn án, iná ibẹ̀ a máa jóni nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, ẹ sọ ọ̀pá kalẹ̀ kíá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ṣàngó kì í béèrè orúkọ ìpè.

Ẹ fi orí òkè gan-an sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya fọ́tò. Òfin gbà yín láyè láti sọ̀ kalẹ̀ tó mítà 25, nítorí náà ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀ sí ìhà tí ẹ ń pè. Fún Amẹ́ríkà láti ibí, ìwọ̀-oòrùn ni. Ilẹ̀ tó dà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ìpè yín fò lọ nílẹ̀ nílẹ̀, èyí tó bá sì fò nílẹ̀ ló ń jìnnà. Ìpele kan wà lókè sánmà tí oòrùn ń ta jí, ionosphere lorúkọ rẹ̀; ibẹ̀ ni ìpè yín ń lọ gbá kó tó padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí ará Sípéènì fi lè gbọ́ yín ketekete tí ará Blackburn nítòsí ibí lè má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má bínú sí i. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó pè, ẹ fi fóònù kọ nọ́ńbà òkè àti MHz yín sórí SOTAwatch, ojú ewé SOTA lórí ayélujára. Àwọn kan wà nílé tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dọdẹ wa lọ. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kan ń lo ibẹ̀, ẹ wá pe "CQ SOTA", ìyẹn pé kí ẹni tó bá gbọ́ dáhùn. Orúkọ ìpè, 59 (ìyẹn pé ẹ gbọ́ ọ ketekete) tàbí iye tí ẹ bá gbọ́ ọ dé, ó tán. Adé ni mo máa ń sọ pé orúkọ mi ń jẹ́, Alpha Delta Echo, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà orúkọ mi tán pátá, bátìrì á ti kú. Ohun tó kọ́kọ́ nira fún mi ni pípe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní orúkọ rẹ̀ gbáko. Báyìí, mo ń fi "sir" kún un, inú wọn a sì dùn.

UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, lẹ ó fi kọ àkókò sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, aago Britain bá ti Nàìjíríà dọ́gba, méjèèjì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ ní àṣìṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú báàgì yín nílé. Mo ti gun àtẹ̀gùn olókùúta láti abúlé Barley dé òkè Pendle nínú òjò, kí n tó rántí pé wáyà tó so bátìrì mọ́ rédíò wà lórí tábìlì nílé ìdáná. Tíì ni mo mu, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti gbọ́ Newfoundland, mo ti gbọ́ New Jersey. Ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti ilé wa, n kò tíì gbọ́ ọ láti Pendle. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àṣẹ nílé, ẹ bá mi yẹ 14.285 wò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun.