Ó Ń Bẹ Níhìn-ín, A Ò Mọ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àdúrà Ojoojúmọ́

Òkúta ni Jákọ́bù fi ṣe ìrọ̀rí lálẹ́ ọjọ́ tó ń sá fún Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gbààwẹ̀, kò sí nílé ìsìn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀tàn gba ìbùkún ẹlòmíì ni. Nígbà tó jí lójú oorun, ohun tó sọ ni pé, “Olúwa ń bẹ níhìn-ín nítòótọ́, èmi kò sì mọ̀” (Jẹ́nẹ́sísì 28:16). Ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni ló máa ń fi gbogbo àdúrà pe Ọlọ́run wá, bí ẹni ń pe ará òkèèrè. Ọ̀rọ̀ Jákọ́bù yìí ló jẹ́ kí n máa rò ó pé ó ṣeé ṣe kí Ó ti dé tipẹ́, ká máa wo ibòmíì. Mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù fúnra mi nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí. Méjì wà níbẹ̀ tí mi ò tíì jáwọ́ ńbẹ̀.

Ẹ má fi bó ṣe ń ṣe yín lára wọn Ọlọ́run

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Lánàá ẹ kúnlẹ̀, ara yín gbọ̀n, omijé ń dà pòròpòrò, ẹ dìde, ẹ ní Ọlọ́run bẹ̀ mí wò. Lónìí ẹ kúnlẹ̀ síbi kan náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, gbogbo rẹ̀ gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ dá tó fi lé E lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò sùn tó ni.

Mi ò fi ṣeré. Ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní orí 18 àti 19 pa pọ̀. Èlíjà gbàdúrà lórí òkè Kámẹ́lì, iná sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Kò pẹ́ sí i, Ayaba Jésébẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ni ọkùnrin yìí bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò wàásù fún un, kò sì bú u pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Oorun ló gbé e lọ. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án pé kó dìde jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ní okun tó fi rin 40 ọjọ́ dé òkè Hórébù.

Ní Hórébù, ìjì ńlá jà, ó ń fọ́ àpáta; Olúwa ò sí nínú ìjì náà. Ilẹ̀ mì, kò sí níbẹ̀. Iná jó, kò sí nínú iná. Lẹ́yìn iná ni “ohùn kẹ́lẹ́ kékeré” wá. Iná yẹn ló máa ń dá mi dúró níbi ìtàn yìí. Ọlọ́run tó fi iná dá Èlíjà lóhùn ní Kámẹ́lì kò sí nínú iná ní Hórébù, bẹ́ẹ̀ ìtàn méjèèjì ò jìnnà síra. Ká ní wòlíì náà ti pinnu pé bó ṣe wá lọ́jọ́ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ ṣe wá lónìí, inú iná ni ì bá tẹjú mọ́, ohùn ì bá kọjá létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ là ń ṣe tá a bá ń fi ìsìn alárinrin ọdún mẹ́ta sẹ́yìn díwọ̀n òwúrọ̀ òní.

Tí àdúrà bá gbẹ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé mo sùn? Ṣé mo jẹun? Ṣé ohun kan wà tó ń dùn mí tí mi ò tíì fẹnu sọ? Ẹ bi í kí ẹ tó máa lé èṣù kiri ilé.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn bo inú tó ń ru

Ìbéèrè kẹta yẹn ló bí èyí. Ó yà mí lẹ́nu bá a ṣe máa ń gbìyànjú láti fi nǹkan pa mọ́ fún Ẹni tá a pè ní Olùmọ̀ràn-ọkàn. Inú ń bí wa, a ní “Olúwa, ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀rù ń bà wá, a ní “mi ò fòyà.” A rò pé ìgbàgbọ́ nìyẹn.

Nígbà kan tí ẹnì kan tí mo fẹ́ràn kú, oṣù mélòó kan ni mo fi ń gba àdúrà tó dùn ún gbọ́, tí mo sì ń dìde níbẹ̀ bí ẹni tó ka lẹ́tà ẹlòmíì sókè. Lọ́jọ́ kan mo kàn sọ ọ́ jáde pé, “Inú Rẹ ń bí mi.” Mi ò rí ìran kankan. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tá a ti sìnkú, mo mọ̀ pé èmi àti ẹnì kan la jọ wà nínú yàrá yẹn.

Tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ ṣí ìwé Sáàmù. Nínú 150 tó wà níbẹ̀, igbe àti àròyé pọ̀ lọ jàra. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?” Sáàmù 88 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn yòókù sábà máa ń padà sí ìyìn kí wọ́n tó parí, òun ò padà. Inú òkùnkùn ló parí sí. Àwọn tó kó Ìwé Mímọ́ jọ ò sì yọ ọ́ sọnù, wọn ò fi ẹsẹ aláyọ̀ kan lẹ̀ ẹ́ nídìí. Hánà, obìnrin tó ń wá ọmọ, náà gbàdúrà tìbànújẹ́tìbànújẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde, tí àlùfáà Élì fi rò pé ó ti mutí yó (1 Sámúẹ́lì 1:13). Lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ tó ṣí Sáàmù 22 ló wà lẹ́nu Jésù fúnra Rẹ̀: “Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èé ṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?”

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: ojú Ọlọ́run ni gbogbo wọn ti ṣàròyé. “Ọlọ́run mi” ni wọ́n ń pè É, kódà bí wọ́n ṣe ń bínú. Ẹni tó ń fẹjọ́ Rẹ̀ sun aráyé, tí kì í sì í bá A sọ ọ́, ọ̀nà míì lonítọ̀hún ń tọ̀.

Ẹ má ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tán kẹ́ ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà

Kò sí ohun tó burú nínú títọrọ. Jésù ló kọ́ wa pé ká tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Àmọ́ Ó tún sọ pé Baba wa mọ ohun tá a ṣe aláìní ká tó béèrè. Ọmọ tó délé bàbá rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ka gbogbo ohun tó fẹ́ ní kíákíá, tó yísẹ̀ padà kí bàbá tó lanu, ṣé a lè sọ pé ó rí bàbá? Tẹ́ ẹ bá béèrè tán, ẹ jókòó díẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí fóònù wà ní yàrá míì. (Èyí wà lára méjì tí mo ní mi ò tíì jáwọ́ ńbẹ̀.)

Ẹ má dúró de àkókò tó máa rọgbọ

Agbọ́tí ọba Páṣíà ni Nehemáyà. Ọba bi í pé kí ló fẹ́. Láàárín ìbéèrè ọba àti èsì rẹ̀, ó ní òun gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run (Nehemáyà 2:4). Kò lè ju èémí kan lọ. Ọba ò tiẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe àwáwí o: láti oṣù Kísílefì títí di Nísàn nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù, bí oṣù mẹ́rin, ló ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ odi Jerúsálẹ́mù tó wó kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó jọ pé àdúrà gígùn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kí àdúrà ṣókí yẹn yá a lẹ́nu.

Ẹ má pe ìkáwọ́gbera ní ìgbẹ́kẹ̀lé

Nehemáyà yìí náà ni. Nígbà tí ọ̀tá ń halẹ̀, òun àtàwọn tó ń bá a mọ odi náà gbàdúrà, wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán tòru (4:9). 52 ọjọ́ ni wọ́n fi parí odi. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tìmótì pé kó máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, kò sọ pé ìgbàgbọ́ Tìmótì ò tó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ da oògùn dókítà nù kẹ́ ẹ lè fi hàn pé ẹ gba Ọlọ́run gbọ́, ẹ má dá a lóhùn. Pọ́ọ̀lù tìkara rẹ̀ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹ̀gún ara òun kúrò. Ẹ̀gún náà ò kúrò. “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ” ni èsì tó gbà.

Ẹ má sùn láìwẹ̀yìn wò

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì rìn pẹ̀lú Jésù lọ́nà Èmáúsì, bí máìlì 7, wọn ò dá A mọ̀. Ìgbà tó bu búrẹ́dì ni ojú wọn là, ìgbà náà ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọkàn àwọn ń gbóná lójú ọ̀nà (Lúùkù 24). Mo wá ra ìwé kékeré kan. Lálálẹ́, mo máa ń kọ ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀: ibo ló ti ṣeé ṣe kí Ó wà lónìí tí mi ò fura? Lọ́jọ́ míì, mi ò ní nǹkan kan láti kọ, mo sì máa ń fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ohun tí mo kọ lálẹ́ àná ni pé: “Ẹnì kan bú mi, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, mo kàn dákẹ́. Mi ò tiẹ̀ rántí gbàdúrà.”