Bí A Ṣe Ń Ka Ìwádìí Lórí Akupọ́ńṣọ̀ Kí A Tó Gbà Pé Ó Ń Ṣiṣẹ́

Lọ́dún 2007, wọ́n tẹ ìwádìí ńlá kan jáde ní Jámánì lórí àwọn tí ẹ̀yìn ń ro. Akọ̀ròyìn kan lè kà á kó kọ ọ́ pé akupọ́ńṣọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì iṣẹ́ tí oògùn àti fisiotẹ́rápì ṣe. Òmíràn lè ka ìwé kan náà kó kọ ọ́ pé akupọ́ńṣọ̀ tòótọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ayédèrú rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ á rí ìdí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì nílò láti jẹ́ dókítà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, akupọ́ńṣọ̀ ni ìtọ́jú àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tínínrín gún àwọn ojú ibi kan lára, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà. Kì í ṣe irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún, kì í sì í ṣe gbẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ lọ bá ìwádìí náà níbi tó wà

Ìtàn akupọ́ńṣọ̀ máa ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Ní 1971, James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ṣàìsàn ní Beijing, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti yọ appendix rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí inú ń dà á láàmú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ akupọ́ńṣọ̀ tọ́jú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé akupọ́ńṣọ̀ ni wọ́n fi mú kó má mọ ìrora nígbà tí wọ́n ń la inú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn òyìnbó ni wọ́n fi mú ojú ibẹ̀ kú, Reston fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ má ti orí WhatsApp dá ẹjọ́. Ẹ lọ sí PubMed, àkójọ ìwádìí ìṣègùn tí ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ acupuncture, kí ẹ fi orúkọ àìsàn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e, kí ẹ wá fi randomized kún un, ìyẹn ni pé wọ́n ṣẹ́ gègé pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn máa ń lé ọ̀pọ̀ àròkọ àti ìtàn “ara mi yá” dànù. Bí ẹ kò bá rí odindi ìwé náà kà lọ́fẹ̀ẹ́, ìkékúrú rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ fo apá ìparí tí wọ́n pè ní Conclusions ná. Apá Methods ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àìsàn wo?

“Ṣé akupọ́ńṣọ̀ ń ṣiṣẹ́?” kì í ṣe ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn. Ẹ̀yìn ríro yàtọ̀ sí orúnkún ríro, méjèèjì sì yàtọ̀ pátápátá sí àìrọ́mọbí. Ẹ mú àìsàn kan, kí ẹ dúró tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ta ni wọ́n fi wé?

Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo àwọn ìgbésẹ̀ tó kù, kó ka èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwádìí Jámánì yẹn, tí wọ́n ń pè ní GERAC. Èèyàn 1,162 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ń bá ìrora ẹ̀yìn yí fún ọdún mélòó kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí. Àwọn àkọ́kọ́ gba akupọ́ńṣọ̀ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é, ìgbà mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kejì gba ayédèrú: abẹ́rẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n òkè awọ ara lásán ni wọ́n fi gún, ibi tí wọ́n sì gún kì í ṣe ojú ibi tí ìlànà Ṣáínà sọ. Wọn kò sọ fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí èyí tí wọ́n ń gbà. Àwọn kẹta gba ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀: oògùn, fisiotẹ́rápì, eré ìmárale.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba akupọ́ńṣọ̀ tòótọ́, ara tu 47.6. Nínú àwọn tó gba ayédèrú, 44.2. Nínú àwọn tó gba oògùn àti fisiotẹ́rápì, 27.4 péré.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá fi ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wé ẹ̀kẹta, àlàfo ogún ló wà láàárín wọn, ìyẹn sì pọ̀. Bí ẹ bá fi wé ẹgbẹ́ kejì, àlàfo náà kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ó kéré débi pé ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀ròyìn kìíní wo ẹ̀kẹta, èkejì wo ayédèrú.

Báwo ni ayédèrú ṣe wá ṣe tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan ni pé ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń lọ sókè sódò. Ọjọ́ tó bá le jù ni èèyàn ń wá ìtọ́jú, ọ̀la sì lè dín kù fúnra rẹ̀ láìka ohun tí wọ́n ṣe sí i. Èkejì ni ìrètí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àgbàlagbà púpọ̀ ni kì í gbà pé dókítà tọ́jú òun bí kò bá gún òun lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ní ọlá tí oògùn oníhóró kò ní, kò sì dá mi lójú pé àwọn ará Jámánì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wa níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ oògùn mọ̀ pé ohun tí wọ́n ti lò sẹ́yìn ni wọ́n tún fún àwọn. Ẹ lè fojú inú wo bí ọkàn wọn ṣe rẹ̀wẹ̀sì tó.

Àti pé ẹni tó ń tọ́jú èèyàn náà jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú ọ̀hún. Ní 2008, Ted Kaptchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn 262 tí àìsàn inú rírun tí wọ́n ń pè ní IBS ń yọ lẹ́nu. Wọ́n ní kí àwọn kan ṣì máa dúró. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ayédèrú tọ́jú àwọn kan láìbá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ayédèrú kan náà tọ́jú àwọn tó kù, ṣùgbọ́n oníṣègùn jókòó tì wọ́n, ó béèrè bí àìsàn náà ṣe ń ṣe wọ́n, ó tẹ́tí sí wọn, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó sọ pé ara tu àwọn jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, 44 fún èkejì, 62 fún ẹ̀kẹta. Kò sí akupọ́ńṣọ̀ tòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àwọn alátìlẹ́yìn akupọ́ńṣọ̀ ní èsì tiwọn. Wọ́n ní gígún òkè awọ ara kì í ṣe asán, pé òun náà ń ta iṣan jí, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n pè é ní ayédèrú. Èsì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fi tọrẹ nínú rẹ̀: bí gígún níbikíbi bá ń ṣiṣẹ́, kí wá ni àwòrán ojú ibi àti ọ̀nà agbára inú ara tí wọ́n ń fi ọdún gbọọrọ kọ́ wà fún?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Irú ayédèrú wo ni?

Bí ayédèrú náà bá gọ̀, aláìsàn á ti mọ̀, ìwádìí á sì bàjẹ́. Ní 1998, Konrad Streitberger ní Jámánì ṣàlàyé abẹ́rẹ́ kan nínú ìwé ìṣègùn Lancet. Ẹnu rẹ̀ kú, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, á wọnú èèkù ara rẹ̀ lọ bí idà àwọn eléré orí ìtàgé. Aláìsàn á mọ̀ ọ́n lára bíi pé ó gún òun, síbẹ̀ kò wọlé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Daniel Cherkin lo ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ: wọ́n fi igi ìtayín sínú ihò tí abẹ́rẹ́ máa ń gbà kọjá, wọ́n sì fi tẹ ẹ̀yìn àwọn tó dojú bolẹ̀. Èèyàn 638 ló wà nínú iṣẹ́ náà, tó jáde ní 2009. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gún, yálà lóòótọ́ tàbí pẹ̀lú igi ìtayín, ló rí ìyàtọ̀ gidi nínú bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn. 39 ni ti àwọn tó wà lórí ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n bi àwọn aláìsàn léèrè níparí pé èwo ni wọ́n rò pé àwọn gbà. Ẹ sì rántí pé oníṣègùn tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ èyí tó mú lọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Ojú rẹ̀ lè tú àṣírí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ṣé wọ́n ṣẹ́ gègé?

Kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ gègé pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kí kálukú mú èyí tó wù ú, ẹni tó ti gba akupọ́ńṣọ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò kún ẹgbẹ́ akupọ́ńṣọ̀. Ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ wá òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí ni wọ́n wọ̀n?

Ìrora kò ní òṣùwọ̀n tá a lè gbé sórí tábìlì. Aláìsàn ló ń sọ ọ́, láti òdo dé 100, ẹnu rẹ̀ sì ni a gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ẹnu kò lè tún ṣe, bí ìbímọ. Mo dúró lórí èyí nítorí pé àwọn tó ń wá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń ta ìrètí fún, owó wọn sì ń lọ.

Ní 2017, ìwé ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde láti Ṣáínà, lórí obìnrin 1,000 tí wọ́n ní PCOS, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin jáde bó ṣe yẹ. Àwọn kan gba akupọ́ńṣọ̀ tòótọ́, àwọn kan gba ayédèrú. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn clomiphene, wọ́n sì fún àwọn kan ní hóró tí kò ní nǹkan nínú. Àwọn tó lo clomiphene bímọ láàyè ní ìwọ̀n 28.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí kò lò ó 15.4. Àwọn tó gba akupọ́ńṣọ̀ tòótọ́ jẹ́ 21.8, àwọn ayédèrú 22.4. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èsì jáde láti Ọsirélíà àti New Zealand lórí obìnrin 848 tó ń ṣe IVF, ìtọ́jú tí wọ́n ti ń so ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara: 18.3 fún akupọ́ńṣọ̀, 17.8 fún ayédèrú. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ni wọ́n kà, abẹ́rẹ́ kò fi nǹkan kan kún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó?

Ìwádìí kan kò tó. Ẹ wá èyí tó kó ọ̀pọ̀ pọ̀. Èyí tó lókìkí jù lórí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ti Andrew Vickers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2012. Ìwádìí 29 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì gba àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, 17,922 lápapọ̀. Ní 2018 wọ́n fi kún un títí ó fi di ìwádìí 39 àti aláìsàn 20,827.

Wọ́n fúnra wọn fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní 2012. Ká ní ìrora aláìsàn jẹ́ 60 nínú 100 níbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gba akupọ́ńṣọ̀, ó lè já sí 43. Bí ó bá gba ayédèrú, 35. Bí ó bá gba tòótọ́, 30. Ìyàtọ̀ márùn-ún tó wà láàárín tòótọ́ àti ayédèrú kì í ṣe kòńgẹ́, àwọn aláìsàn tí wọ́n kà pọ̀ jù fún ìyẹn. Ó sì kéré. Ìyàtọ̀ mẹ́tàlá tó wà láàárín tòótọ́ àti àìgbà rárá lẹni tí ẹ̀yìn ń ro máa mọ̀ lára. Lójú tèmi, kò sí gbólóhùn méjì tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ akupọ́ńṣọ̀ àti ìrora ju ìwọ̀nyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ibo ni ìwádìí náà ti wá?

Vickers kan náà tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1998 tó fi hàn pé gbogbo ìwádìí akupọ́ńṣọ̀ tí àwọn rí láti Ṣáínà ló gbè é. Kò sí ìtọ́jú kankan láyé tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ibi tí èsì burúkú kì í bá ti jáde, ẹ fura. Ìwádìí ti 2017 lórí PCOS fi hàn pé nǹkan ti ń yí padà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ewu ńkọ́?

Ní Jámánì, wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn 229,230 tó gba akupọ́ńṣọ̀. Bí 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé nǹkan kan ṣe àwọn, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ojú ibẹ̀ dúdú. Èèyàn méjì ni abẹ́rẹ́ dá ẹ̀dọ̀fóró wọn lu.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọba ṣe wo ẹ̀rí tó fara jọra, tí kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Jámánì wo àlàfo ńlá, láti 2007 sì ni ìṣètò ìlera ìjọba wọn ti ń sanwó rẹ̀ fún ẹ̀yìn àti orúnkún ríro. Àjọ NICE, tó ń gba àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro ní 2009. Ní 2016 ó wo àlàfo kékeré, ó sì mú un kúrò. Ní 2021 ó tún gbà á wọlé, fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọn kò rí àìsàn mìíràn tó fà á. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London lè fi ìyẹn béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn.

Ẹni tó bá ti kà á tán tó sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ìrora, kó rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n tú lójú òun, èyí tí wọ́n máa jù nù lẹ́yìn rẹ̀. Kó sọ fún wọn bó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kó má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró nítorí rẹ̀. Kó sì béèrè iye ìgbà tí òun máa wá kó tó san kọ́bọ̀: Medicare, ìṣètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní 2020, ń san ti ìgbà méjìlá láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó sì ń fi mẹ́jọ kún un bí ara bá ń yá. Bí ara kò bá yá, owó dúró.