Kí Lẹ Fẹ́ Jẹ? Àṣìṣe Àwa Tí À Ń Ṣọ́ Ọ̀mùtí

Ní gáréèjì Kábà, olóúnjẹ bi mí pé, "Ọ̀kun o, ìyá. Kí lẹ fẹ́ jẹ?" Iyán wà, ẹ̀bà wà, ìrẹsì wà. Mo dákẹ́ bí ọmọ tí tíṣà ká mọ́. Mo mọ̀ pé àbúrò mi kì í fọwọ́ kan ẹ̀bà lọ́jọ́ tó bá mutí yó. Mo mọ bí ata ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ ni mi ò mọ̀.

Codependency lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ìyẹn ni kéèyàn gbájú mọ́ ìṣòro ẹlòmíì débi tó fi gbàgbé ara rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọ̀mùtí àti ẹbí wọn ní Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ náà ti jáde, láti ìparí àwọn ọdún 1970. Kò sí nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ibẹ̀ fi ń dá àìsàn mọ̀, àmọ́ ó ń jẹni.

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi ni kéèyàn máa bo ìwà ọ̀mùtí mọ́lẹ̀. Mo pe ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ń ṣe é. Ibà lóṣù Kìíní, ibà lóṣù Kẹta. Ìyá ọlọ́tí yọ ìwé ọmọ ilé-ìwé kan jáde, gbèsè àbúrò mi gba ojú ewé méjì. Orí ìdúró ni mo ti ka owó náà fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń kọ ọ́ sí ojú ewé kẹta. Ìyà ọtí ò kàn án rí, èmi ló ń jẹ. Ojú rẹ̀ ni mo sì fi ń wo ojú ọjọ́ tèmi: bó bá jí dáadáa, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé bí àwa ará Ọ̀kun, àwa Yorùbá agbègbè Kábà, ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ náà ni àìsàn yìí. Àáró kì í ṣe àìsàn. Ẹ ro oko mi lónìí, mo ro tiyín lọ́la. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oko ẹnìkan ṣoṣo lẹ̀ ń ro lọ́dọọdún, tí tiyín ti di igbó ńkọ́?

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sá lọ. Tó bá ń lù yín, ẹ tètè kúrò níbẹ̀. Èmi sá lọ sí Lọ́kọ́ja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò gbé ìpè rẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń pe aládùúgbò pé ṣé ó ti jẹun. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló kúrò ní Kábà.

Ẹgbẹ́ Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹbí ọ̀mùtí lọ́dún 1951, máa ń sọ fáwọn èèyàn wọn pé: ìwọ kọ́ lo fà á, o ò lè darí rẹ̀, o ò sì lè wò ó sàn. Ó pẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn yẹn tó wọ̀ mí létí. (Mo ṣì ń gbàdúrà fún un o.)

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọlọ́tí rán ọmọ sí mi pẹ̀lú ìwé yẹn. Mo ní kó gbé e fún ẹni tó mu ún, ó ń bẹ nínú yàrá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọjọ́ méjì ni àbúrò mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí bóyá omi gbígbóná wà.